Bí A Ṣe Ń Po Bakitéríà Rere Mọ́ Oúnjẹ Edé Kí Àrùn Má Bàa Run Adágún

Ara edé kì í ṣe irú èròjà ajàrùn tí ara ènìyàn, adìẹ àti màlúù máa ń ṣe lẹ́yìn àjẹsára. Nítorí náà, a kò lè gún ọmọ edé lábẹ́rẹ́ kan ṣoṣo kí ọkàn wa balẹ̀ títí di ọjọ́ ìkórè. Èèpo ara rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń rìn káàkiri nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àti àwọn bakitéríà tó ń gbé inú ìfun rẹ̀ ni odi tó ní. Kò sí ohun púpọ̀ tí ẹni tó ń sin edé lè ṣe sí èèpo àti ẹ̀jẹ̀. Ìfun ni ọwọ́ rẹ̀ lè tó, oúnjẹ sì ni yóò gbà débẹ̀.

Ọ̀nà yẹn kan náà ni ọ̀tá ń gbà wọlé. Àrùn AHPND, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ edé mọ̀ sí EMS, fara hàn ní Ṣáínà ní 2009, ó sì ràn dé Vietnam, Malaysia àti Thailand láàárín ọdún díẹ̀. Ọdún 2013 ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Arizona rí ohun tó ń fà á: irú Vibrio parahaemolyticus kan tó ń ṣe májèlé méjì tí wọ́n ń pè ní PirA àti PirB. Bakitéríà yìí á tẹ̀dó sí ikùn edé, á tú májèlé sílẹ̀ níbẹ̀, májèlé náà á sì wọ inú ẹ̀dọ̀ edé, á máa bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí edé yóò fi kú. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ 35 àkọ́kọ́ tí ọmọ edé wọ adágún ni ó sábà máa ń pa wọ́n. Ẹ fi ọjọ́ yẹn sọ́kàn. Bakitéríà tí a fẹ́ kó dáàbò bo edé gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìfun kí ọ̀tá tó dé. Bí òkú edé bá ti ń wá sínú àwọ̀n, ó ti pẹ́ jù.

Ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Bakitéríà rere ń gba ààyè àti oúnjẹ mọ́ Vibrio lọ́wọ́. Àwọn kan, bíi Bacillus subtilis, ń ṣe èròjà tó ń ya ara bakitéríà mìíràn. Àwọn kan ń da àmì tí Vibrio fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ rú: ọ̀pọ̀ Vibrio máa ń dúró kí wọ́n pọ̀ tó kí wọ́n tó jùmọ̀ ṣe ohun tó ń pani lára, bí àmì náà bá sì dà rú, wọn kò ní mọ̀ pé àwọn ti pọ̀. Bacillus tún ń ṣe ẹ́ńsáìmù tó ń bá edé da oúnjẹ, èyí ló fà á tí edé fi máa ń yára dàgbà díẹ̀ nígbà tí a bá ń lò ó dáadáa. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó ń ta sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ edé jí.

Ṣùgbọ́n kò lè lé fáírọ́ọ̀sì àbààwọ́n funfun, WSSV, kúrò lára edé. Kò lè wo EHP, kòkòrò àrùn kékeré kan tó ń dá ìdàgbàsókè edé dúró, sàn, nítorí EHP kì í ṣe bakitéríà. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ edé gan-an ló ń gbé. Ọmọ edé tí a ti fi PCR (àyẹ̀wò ilé ìwádìí tó ń wá àbùdá kòkòrò àrùn) yẹ̀ wò kí a tó rà á ni ààbò tó wà fún méjèèjì, pẹ̀lú ìmọ́tótó adágún. Ẹni tó bá ń ta ìyẹ̀fun tó ní ó ń wo WSSV sàn, ẹ má ra nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò. Bakitéríà rere kì í pẹ́ nínú edé. Láàárín wákàtí díẹ̀ ni oúnjẹ ń gba ìfun kọjá. Bákan náà, ìgbàkígbà tí edé bá bọ́ èèpo, awọ tó bo ikùn rẹ̀ àti ìparí ìfun rẹ̀ náà máa ń bọ́ dànù, ó sì ń kó bakitéríà tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ. Ọmọ edé sì ń bọ́ èèpo lemọ́lemọ́. Ìdí nìyí tí lílò ó lójoojúmọ́ fi sàn ju kí a lò ó púpọ̀púpọ̀ lọ́jọ́ kan kí a sì gbàgbé rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Èwo ni kí ẹ rà?

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni ìdílé Bacillus: B. subtilis, B. licheniformis, B. pumilus, B. amyloliquefaciens. Bí nǹkan bá le fún wọn, wọ́n á fi èèpo líle bo ara wọn, wọ́n á sùn. Èyí tó ń sùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní spore. Spore lè fara da gbígbẹ, ó lè pẹ́ nínú ọ̀rá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń la ìgbóná ẹ̀rọ tó ń ṣe kóró oúnjẹ já. Èkejì ni àwọn tó ń ṣe omi kíkan, bíi Lactobacillus plantarum àti Pediococcus acidilactici. Àwọn wọ̀nyí wúlò gan-an nínú ìfun, ṣùgbọ́n wọn kò ní èèpo líle. Ìgbóná á pa wọ́n, oòrùn á pa wọ́n, wọn kì í sì í pẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti ṣí ọ̀rá wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Lactobacillus wà nínú kóró oúnjẹ tó gba inú ẹ̀rọ gbígbóná kọjá, ẹ bi í bóyá lẹ́yìn tí kóró tutù ni wọ́n wọ́n ọn sí i.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí kò ní fíríìjì tó ṣeé gbára lé, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Bacillus.

Ẹ ka ara ọ̀rá kí ẹ tó sanwó. Orúkọ bakitéríà gbọ́dọ̀ pé, pẹ̀lú nọ́ńbà tó fi hàn irú ọmọ tó jẹ́ gan-an, nítorí B. subtilis kan kò jọ B. subtilis mìíràn nínú iṣẹ́: ọ̀kan lè pa Vibrio lẹ́nu, kí èkejì máa wò ó níran. Iye bakitéríà tó wà láàyè gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí ó sì jẹ́ iye tí yóò kù títí di ọjọ́ tí ọjà yóò fi kọjá àkókò, kì í ṣe iye ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹ wo ọjọ́ ìparí àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀rá tó kàn kọ "àkópọ̀ bakitéríà 15" láì dárúkọ wọn kò yẹ lẹ́ni tó fẹ́ fi oúnjẹ bọ́ aráyé, nítorí nínú ìdílé Bacillus yìí kan náà ni B. cereus wà, àwọn kan nínú rẹ̀ sì ń fa inú rírun àti èébì fún ènìyàn.

Kì í ṣe gbogbo Vibrio ló burú o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn ilé tí wọ́n ti ń pa ẹyin edé ní Ecuador fi Vibrio alginolyticus dáàbò bo ọmọ edé. Ṣùgbọ́n ìdílé náà ń pín àbùdá láàárín ara wọn, tó fi mọ́ èyí tó ń ṣe májèlé, nítorí náà a kò gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn pé kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin Vibrio kankan.

Iye tí ẹ máa lò

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ owó ti ń ṣòfò. Àwọn ènìyàn ń ka ṣíbí, wọn kì í ka bakitéríà. Iye bakitéríà tó wà láàyè ni wọ́n ń fi CFU kà. Ohun tí a ń lépa ni kí gíráàmù oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán mílíọ̀nù 10 CFU. Bí ó bá tó mílíọ̀nù 100, ó dára. Bí ó bá rẹlẹ̀ sí mílíọ̀nù 1, ẹ má retí nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Kílò oúnjẹ kan jẹ́ gíráàmù 1,000. Bí gíráàmù kọ̀ọ̀kan bá gbọ́dọ̀ ní mílíọ̀nù 10, a nílò bílíọ̀nù 10 fún kílò kan. Bí ọ̀rá bá ní bílíọ̀nù 1 nínú gíráàmù ìyẹ̀fun kan, gíráàmù 10 la máa lò fún kílò oúnjẹ kan. Bí ó bá ní bílíọ̀nù 5, gíráàmù 2 ti tó. Bí ó bá jẹ́ mílíọ̀nù 100 péré ló ní, gíráàmù 100 ni ẹ máa nílò, ìyẹ̀fun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò sì ní lẹ̀ mọ́ kóró; yóò jábọ́ sínú omi. Ẹ fi irú ọjà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ bó ti wù kó dín owó tó.

Ẹ wá mú un dé adágún. Ká ní edé 100,000 ló wà níbẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n wọn gíráàmù 5. Gbogbo wọn jẹ́ 500 kílò. Bí ẹ bá ń fún wọn ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn lójúmọ́, oúnjẹ kílò 25 nìyẹn. Pẹ̀lú ọjà bílíọ̀nù 1, gíráàmù 250 ìyẹ̀fun ni yóò lọ lójúmọ́ bí gbogbo oúnjẹ bá ní i, tàbí gíráàmù 125 bí ó bá jẹ́ ìdajì oúnjẹ ọjọ́ náà ni ẹ pò ó mọ́.

Ẹ lo òṣùwọ̀n. Ṣíbí ìyẹ̀fun kan lè wúwo ju èkejì lọ ní ìlọ́po méjì, ó kù sí bí wọ́n ṣe lọ̀ ọ́.

Bí a ṣe ń wé e mọ́ kóró oúnjẹ

Fún kílò oúnjẹ kan, ẹ pèsè ìyẹ̀fun tí ẹ ti ṣírò (ká ní gíráàmù 10), omi mímọ́ mìlílítà 50 sí 60, àti òróró ẹja tàbí òróró squid mìlílítà 10 sí 20. Ẹ nílò ọpọ́n fífẹ̀ tàbí ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré tí wọn kò tíì fi po sìmẹ́ńtì rí, ìgò ìfọ́nmi tí kò gbé oògùn kòkòrò rí, àti tàpólì mímọ́ tí ẹ máa tẹ́ sí ibòji.

Omi lẹ kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Omi ẹ̀rọ tó ní kílórínì á pa bakitéríà nínú garawa kí ó tó dé ọ̀dọ̀ edé, kò sì ní fi àmì kankan hàn. Ẹ sè é kó hó, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù, tàbí kí ẹ fi sodium thiosulphate pa kílórínì inú rẹ̀. Gbígbé e sílẹ̀ ní ṣíṣí fún wákàtí 24 máa ń lé kílórínì lásán, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ chloramine ni wọ́n fi sínú omi yín, kò ní lọ bẹ́ẹ̀. Bébà ìdánwò kílórínì kò wọ́n. Ẹ ní in lọ́wọ́.

Ẹ po ìyẹ̀fun mọ́ omi náà nígbà tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, nǹkan bí 30°C, kí ẹ sì jẹ́ kó jókòó fún 30 ìṣẹ́jú kí spore lè bẹ̀rẹ̀ sí í jí. Ẹ rò ó dáadáa, kí ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ bí ó bá ní yẹ̀pẹ̀yẹ̀pẹ̀ tó lè dí ẹnu ìgò. Ẹ wá máa fọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ sórí kóró bí ẹlòmíràn ṣe ń yí oúnjẹ náà. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ sí ojú kan, kóró tó wà níbẹ̀ á mu gbogbo bakitéríà, á rọ̀, á sì fọ́. Àwọn tó kù á gbẹ lásán. Omi tó ju mìlílítà 100 lọ fún kílò kan ti pọ̀ jù fún ọ̀pọ̀ kóró oúnjẹ.

Ẹ tẹ́ ẹ sórí tàpólì níbòji, kó fẹ́lẹ́, kí afẹ́fẹ́ sì máa fẹ́ sí i fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Kò gbọ́dọ̀ rí oòrùn. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó fi òróró bò ó, ẹ ó sì tún yí i. Òróró yìí ni yóò dá bakitéríà dúró lára kóró nínú omi. Ẹ má ṣe yí ètò yìí padà: bí òróró bá ṣáájú, omi bakitéríà á máa ṣàn kúrò lórí kóró. Ẹ gbóòórùn òróró kí ẹ tó lò ó. Èyí tó ti ń rùn, tó sì korò lẹ́nu, á ba ẹ̀dọ̀ edé jẹ́, ẹ̀dọ̀ náà sì ni a ń sá fún ewu rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 30 sí i, kí ẹ sì gbé e fún edé lọ́jọ́ náà. Oúnjẹ tí a fi omi kàn kì í sùn di ọjọ́ kejì. Ẹbu á mú un, ẹbu sì lè ní májèlé tirẹ̀.

Bí òróró kò bá sí, omi funfun ẹyin kan fún kílò kan ṣeé lò, tàbí gelatin gíráàmù 3 sí 5 tí a yọ́ nínú omi gbígbóná. Ẹ jẹ́ kí gelatin tutù wá sí ìsàlẹ̀ 40°C kí ó tó kan bakitéríà, pàápàá bí ó bá jẹ́ Lactobacillus.

Ẹ dán bí ẹ ṣe wé e mọ́ kóró wò. Ẹ bu omi adágún sínú kọ́ọ̀bù tó mọ́ kedere, kí ẹ ju kóró mẹ́wàá sínú rẹ̀. Bí omi bá ṣú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí omi ẹ̀kọ, ìyẹ̀fun ti bọ́ lára kóró nìyẹn. Bí kóró bá ṣì dúró gírí lẹ́yìn wákàtí kan, tí omi kò sì ṣú púpọ̀, ó ti yọrí. Ìdánwò yìí ṣe pàtàkì fún edé ju fún ẹja lọ, nítorí ẹja máa ń gbé oúnjẹ mì lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n edé máa ń fi ẹsẹ̀ di kóró mú, á máa họ ọ́ jẹ díẹ̀díẹ̀, omi á sì máa fọ̀ ọ́ ní gbogbo àkókò yẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ díẹ̀ di púpọ̀

Àwọn kan máa ń fi ìyẹ̀fun díẹ̀ bí sí i nínú garawa. Ó ṣeé ṣe, ó sì ń dín owó kù, ṣùgbọ́n ó gba ìmọ́tótó tí kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Fún Bacillus: lítà 20 omi tí a ti sè tó sì ti tutù, gíráàmù 200 sí 400 mọ̀lásíìsì, gíráàmù 20 sí 50 ìyẹ̀fun. Ẹ fi afẹ́fẹ́ sí i láìdáwọ́ dúró fún wákàtí 24 ní 30 sí 35°C. Fún Lactobacillus, ìdàkejì ni: ẹ dé e pa, kí afẹ́fẹ́ má wọlé, kí ẹ sì fi bébà pH, tó ń wọn bí omi ṣe kan tó, yẹ̀ ẹ́ wò títí yóò fi wá sí ìsàlẹ̀ 4. Ẹ má bí méjèèjì nínú garawa kan. Ọ̀kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́, èkejì kò fẹ́, kíkan èkejì á sì dá ti àkọ́kọ́ dúró.

Bacillus tó dára máa ń rùn bí ilẹ̀ tútù tàbí bí ọtí díẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ẹ dà á nù jìnnà sí adágún, ẹ fọ garawa pẹ̀lú kílórínì, kí ẹ sì ṣan kílórínì náà kúrò pátápátá. Ẹ má fi èyí tí ẹ bí lánàá bí ti ọ̀la. Lẹ́yìn ìran méjì tàbí mẹ́ta, bakitéríà mìíràn ti gba garawa lọ́wọ́ èyí tí ẹ rà. Nínú èrò wa, oko tí kò lè kó àpẹẹrẹ rẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ fi omi garawa sínú oúnjẹ. Kí wọ́n máa dà á sí omi adágún, kí wọ́n sì fi ìyẹ̀fun gbígbẹ po oúnjẹ.

Ìgbà tí a ń bẹ̀rẹ̀, àti bí a ṣe ń bá a lọ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Ní ilé ọmọ edé, a lè fi Artemia, ẹranko omi kékeré tí ọmọ edé ń jẹ, gbé bakitéríà rere dé inú wọn, ṣùgbọ́n Artemia tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò tíì lanu. Ó di ìpele kejì, nǹkan bí wákàtí 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tó pa, kí ó tó lè gbé nǹkan mì. Bí ẹ bá rì í sínú omi bakitéríà ṣáájú ìgbà yẹn, ara rẹ̀ nìkan ni yóò lẹ̀ mọ́. Ẹ sì fi omi mímọ́ ṣan Artemia dáadáa kí ẹ tó rì í, nítorí omi tí wọ́n ti pa á máa ń kún fún Vibrio.

Láti ọjọ́ tí ọmọ edé bá wọ adágún títí di ọjọ́ 45, gbogbo oúnjẹ ni kó ní bakitéríà rere. Lẹ́yìn náà, ó kéré tán, oúnjẹ méjì nínú mẹ́rin lójoojúmọ́, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́. Ẹ sọ ìwọ̀n di ìlọ́po méjì fún ọjọ́ 5 sí 7 nígbà tí òjò ńlá bá rọ̀ tí omi sì tutù lójijì, nígbà tí ọ̀pọ̀ edé bá ń bọ́ èèpo pọ̀, tàbí nígbà tí ẹ bá kó wọn láti adágún kan sí òmíràn.

Áńtíbáyọ́tíìkì àti bakitéríà rere kì í jọ wọ inú oúnjẹ kan náà. Ọ̀kan á pa èkejì. Bí dókítà ẹranko bá fún yín ní áńtíbáyọ́tíìkì, ẹ lò ó parí gẹ́gẹ́ bí ó ṣe kọ ọ́, kí ẹ padà sí bakitéríà rere ní ọjọ́ kejì, ní ìwọ̀n ìlọ́po méjì, nítorí ìfun ti ṣófo báyìí, Vibrio sì máa ń sáré kún ibi tó ṣófo. Chloramphenicol àti nitrofuran kò gbọ́dọ̀ wọ oko rárá: European Union àti Amẹ́ríkà ti fòfin de méjèèjì fún ẹran jíjẹ.

Omi lè ba gbogbo iṣẹ́ oúnjẹ jẹ́

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìfun lẹ́yìn áńtíbáyọ́tíìkì ń ṣẹlẹ̀ sí adágún lẹ́yìn kílórínì. Bí ẹ bá pa gbogbo ohun tó wà nínú omi, Vibrio ló máa ń kọ́kọ́ padà, nítorí ó ń yára bí púpọ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi kílórínì fọ omi tuntun, tí bébà sì fi hàn pé kò kù mọ́, ẹ da bakitéríà rere sínú omi náà kí ọmọ edé tó wọ̀ ọ́. Ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ kejì. Bí ẹ bá lo oògùn apakòkòrò nínú adágún tó ní edé, ẹ fún un ní wákàtí 48 sí 72 kí bakitéríà rere tó tún kan omi.

Àárọ̀ tí oòrùn ti yọ ni kí ẹ da bakitéríà sínú omi, pẹ̀lú ẹ̀rọ atẹ́gùn ní títàn. Wọ́n ń lo ọ́síjìn bí wọ́n ṣe ń jẹ ìdọ̀tí, òru sì ni ọ́síjìn ń wọ́n jù. Ẹ jẹ́ kí ọ́síjìn máa wà lókè mílígíráàmù 5 nínú lítà, kó má bàa lọ sí ìsàlẹ̀ 4 nígbàkígbà. Ẹ jẹ́ kí pH wà láàárín 7.5 sí 8.5, kí alkalinity (agbára omi láti má jẹ́ kí pH yí padà lójijì) sì ju mílígíráàmù 100 lọ nínú lítà. Ẹ máa fa ẹrẹ̀ dúdú tó wà láàárín ìsàlẹ̀ adágún jáde. Edé ń jẹ ohun tó bá bá nílẹ̀, bí ilẹ̀ adágún bá sì kún fún oúnjẹ àjẹkù tó ti rà, Vibrio tó ń jẹ níbẹ̀ á pọ̀ ju èyí tí ẹ fi bò mọ́ kóró lọ fíìfíì.

Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́

Ẹ fi nǹkan bí ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ sínú tíréè àyẹ̀wò, kí ẹ gbé e jáde lẹ́yìn wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì. Ẹ mú edé mẹ́wàá nínú rẹ̀, kí ẹ gbé wọn sí ìmọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìfun edé tí ara rẹ̀ le máa ń hàn lẹ́yìn rẹ̀ bí okùn dúdú kan tí kò já. Bí ó bá já ní ojú méjì tàbí mẹ́ta, tàbí bí ó bá ṣófo nígbà tí oúnjẹ ṣì wà nílẹ̀, nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ wá wo ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lábẹ́ èèpo orí: ó yẹ kó ní àwọ̀ ilẹ̀ tàbí kó dúdú díẹ̀, kó kún, kí etí rẹ̀ sì hàn kedere. Nínú AHPND, ẹ̀dọ̀ á funfun, á súnkì, nígbà mìíràn ẹ ó rí ìlà dúdú tàbí àmì dúdú lára rẹ̀. Bí ẹ bá sì fi àtàǹpàkò àti ìka tẹ̀ ẹ́, kò ní fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹ̀dọ̀ tó dára; á le. Ìgbẹ́ funfun gígùn tó ń léfòó lójú omi jẹ́ àmì mìíràn, ṣùgbọ́n Vibrio nìkan kọ́ ló ń fà á. Ẹ kó edé náà lọ fún PCR, nítorí EHP lè wà níbẹ̀.

Ilé àyẹ̀wò lè ka Vibrio fún yín lórí TCBS, oúnjẹ inú àwo tí wọ́n fi ń hu Vibrio. Àwọn kan á hù ní àwọ̀ yẹ́lò, àwọn kan ní àwọ̀ ewé. V. parahaemolyticus máa ń ní àwọ̀ ewé, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ ewé fi ń bà wá lẹ́rù jù, ṣùgbọ́n àwọ̀ nìkan kò tó láti dá ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ oko ń fi 1,000 nínú mìlílítà omi kan ṣe ààlà. Lójú wa, bí iye náà ṣe ń lọ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ wúlò ju iye ọjọ́ kan ṣoṣo lọ. Ẹ ka ti ẹ̀dọ̀ edé náà pẹ̀lú ti omi, nítorí omi lè mọ́ kí inú edé má mọ́.

Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ wá ìdí rẹ̀ sí ibi tó sábà máa ń wà: kílórínì nínú omi tí ẹ fi pò ó, ọ̀rá tó ti ṣí sílẹ̀ tí ọ̀rinrin sì wọ̀ ọ́, tí spore jí nínú rẹ̀, tí kò rí oúnjẹ, tí ó sì kú, ọ̀rá tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀ gbígbóná, oúnjẹ tí wọ́n sá sí oòrùn, iye tí kò tó. Ẹ máa pín ọ̀rá ńlá sí kéékèèké lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí i, kí ẹ dì wọ́n pa, kí ẹ sì gbé wọn sí ibi tó gbẹ, tí kò ju 25°C lọ. Ti Lactobacillus, inú fíríìjì ní 4°C. Kí ẹni tó ń po ìyẹ̀fun fi nǹkan bo imú, kó má máa fà á símú lójoojúmọ́.

Bí edé bá ti dẹ́kun oúnjẹ, ohun tó wà lára oúnjẹ kò lè dé inú wọn mọ́. Ẹ gé oúnjẹ kù ní ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ fi kún atẹ́gùn, ẹ fa ẹrẹ̀ jáde, ẹ kó òkú kúrò kí àwọn tó kù má bàa jẹ wọ́n, nítorí jíjẹ òkú ni àrùn fi ń yára tàn nínú adágún. Ẹ da bakitéríà rere sínú omi ní àkókò yìí. Ìgbà tí ìfun bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í kún ni kí èyí tó wà nínú oúnjẹ padà, ní ìwọ̀n ìlọ́po méjì.

Kí ẹ sì mọ̀ bóyá ọjà tí ẹ rà tọ́ sí owó rẹ̀, ẹ fi ó kéré tán adágún mẹ́ta wé mẹ́ta: ọmọ edé láti ibi kan náà, iye kan náà, oúnjẹ kan náà, omi àti òróró kan náà lórí kóró méjèèjì, kí bakitéríà nìkan jẹ́ ìyàtọ̀. Ẹ kọ iye tó yè, ìwọ̀n ara wọn, àti kílò oúnjẹ tó di kílò edé kan. Adágún kan sí ọ̀kan kò lè fi nǹkan hàn, nítorí adágún méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kì í hùwà kan náà, àní bí a kò bá fi ohunkóhun sínú èyíkéyìí nínú wọn.